Ìrora Ẹsẹ̀ Lẹ́yìn Àfikún Eré Sísá: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Láti Ọjọ́ Tó Bẹ̀rẹ̀ Títí Ẹ Ó Fi Padà Sáré

Ẹni tó ń sá kìlómítà 5 láìsí wàhálà, tó sọ ọ́ di 8, tó tún sọ ọ́ di 10 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kì í sábà rí ohun tó ṣe ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó fi kún un gan-an. Èémí gbà á, àyà gbà á, itan gbà á. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò gbà á, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹsẹ̀ tó sọ ọ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ sárésáré fi máa ń sọ pé àwọn kò ṣe nǹkan kan tí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun àwọn. Wọ́n ṣe é. Ó ti pẹ́ díẹ̀ ni.

Gbogbo ẹ̀yà ara kọ́ ló máa ń lágbára ní àkókò kan náà. Eré sísá máa ń mọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lára láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹran itan náà kì í sì í pẹ́ tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eegun àti ti àwọn iṣan líle tó so ẹran mọ́ eegun yàtọ̀. Nígbà tí ẹrù tuntun bá dé bá eegun, ohun tí ara kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé ó máa ń họ eegun àtijọ́ kúrò níbi tí ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, gẹ́gẹ́ bí birikilà ṣe ń gbẹ́ ojú ibi tí ògiri ti sán kó tó rẹ́ ẹ padà. Híhọ yìí máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n kí tuntun tó gan dáadáa, ó di oṣù. Láàárín ìgbà tí èyí àtijọ́ ti kúrò tí tuntun kò sì tíì gan, eegun náà fẹ́lẹ́ ju bó ṣe wà kí ẹ tó fi kún eré yín lọ, àkókò yẹn gan-an sì ni inú ẹni máa ń dùn jù pé eré ti ń rọrùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Kìlómítà 1 máa ń gba nǹkan bí ìgbésẹ̀ 1,000 lọ́wọ́ ẹni tó ń sáré níwọ̀nba, èyí túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á balẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 500. Nígbàkigbà tó bá balẹ̀, agbára tó ń ti ilẹ̀ padà bọ̀ wá bá a máa ń tó ìlọ́po 2 sí 3 ìwọ̀n ara ẹni. Nítorí náà, ẹni tó fi kìlómítà 3 péré kún eré rẹ̀ ti fi ìbalẹ̀ 1,500 kún iṣẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn eegun 26 tó wà nínú ẹsẹ̀ náà ló sì máa pín in láàárín ara wọn, bẹ́ẹ̀ ìpín náà kò dọ́gba rárá.

Kì í ṣe àwọn sárésáré ló kọ́kọ́ jẹ́ kí aráyé mọ̀ nípa èyí. Ní ọdún 1855, dókítà ológun kan ní Prussia, ilẹ̀ ọba tó di apá kan Jámánì lẹ́yìn náà, Breithaupt lórúkọ rẹ̀, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ogun tí ẹsẹ̀ wọn ń wú tó sì ń dùn wọ́n lẹ́yìn ìrìn gígùn, láìjẹ́ pé wọ́n ṣubú tàbí pé nǹkan kan já lù wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè rí inú ẹsẹ̀ náà nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí Röntgen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ṣàwárí X-ray ní 1895, wọ́n fi yẹ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò ní 1897, wọ́n sì rí i pé eegun ló sán. Ẹsẹ̀ tí ìrìn ọmọ ogun bà jẹ́ lọ́jọ́ náà àti ẹsẹ̀ tí eré òwúrọ̀ bà jẹ́ lónìí, ohun kan náà ló ṣe wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ dáwọ́ eré dúró, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀

Ìrora tó bá ń le sí i bí ẹ ṣe ń sáré lọ, tàbí tó mú kí ẹ máa tiro, kì í ṣe ìrora tí a ń fi eré lé lọ. Ẹ dúró níbi tí ẹ bá a dé, kí ẹ rọra rìn padà sílé. Fún ọjọ́ 3 sí 5 àkọ́kọ́, ẹ má ṣe sáré rárá, ṣùgbọ́n ẹ má dùbúlẹ̀ kalẹ̀ bí aláìsàn. Ẹ máa rìn níwọ̀n bí ìrìn kò bá ti dá ìrora sílẹ̀. Yìnyín tí a fi aṣọ wé, tí a gbé lé ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, lè mú kó rọ̀, àmọ́ ìtura lásán ni, kò wo ohun tó bàjẹ́ sàn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ ooru tàbí òtútù dáadáa, pàápàá ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kò gbọdọ̀ gbé yìnyín lé e.

Mo bẹ yín, ẹ má ṣe lo oògùn ìrora bí ibuprofen tàbí diclofenac nítorí kí ẹ lè rí eré sá. Ìrora ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ẹ ní lọ́wọ́ báyìí, ẹni tó bá sì pa á lẹ́nu mọ́ kò ní mọ ìgbà tí eegun tó ti sán díẹ̀ yóò di eegun tó ṣẹ́.

Ní ọjọ́ kan náà, ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ gbogbo eré tí ẹ sá ní ọ̀sẹ̀ 6 sẹ́yìn: ọjọ́ tí ẹ sá a, bó ṣe gùn tó, bó ṣe yá tó, irú ilẹ̀ tí ẹ sá a lé, bóyá òkè wà níbẹ̀, àti bàtà tí ẹ wọ̀. Ẹ kọ èyí tí kì í ṣe eré náà, irú bí iṣẹ́ tí ẹ fi ìdúró ṣe látàárọ̀ tàbí ìrìn àjò tí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn, nítorí pé ẹsẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín eré àti iṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn á ti fojú hàn kí ẹ tó kọ ọ́ tán. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe gígùn nìkan lẹ fi kún. Ẹ fi òkè kún un, ẹ sì pààrọ̀ bàtà láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi àtàǹpàkò wá ojú ibi tó ń dùn

Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, nítorí pé "ẹsẹ̀ ń dùn mí" kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé orúnkún kejì. Ẹsẹ̀ tí kò dùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, torí pé àwọn ibì kan wà lára ẹsẹ̀ tó máa dun ẹnikẹ́ni bí a bá tẹ̀ ẹ́ gidigidi, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ bí ẹsẹ̀ tó dá ṣe ń rí kí ẹ tó dájọ́ fún èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sí ẹsẹ̀ tó ń dùn. Láti ìdí àwọn ọmọ ìka lọ sí ọ̀nà ọrùn ẹsẹ̀, eegun gígùn 5 ló wà lórí ẹsẹ̀, ẹ sì lè fi àtàǹpàkò tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni ń ka egungun ìhà. Ẹ tẹ abẹ́ gìgísẹ̀, ẹ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ inú àti ẹ̀gbẹ́ òde, ẹ tẹ àárín àwọn ọmọ ìka.

Bó bá jẹ́ iṣan ló ń dùn, ìrora náà sábà máa ń gùn lọ bí okùn tàbí kó tàn káàkiri. Bó bá jẹ́ eegun, ó máa ń wà lójú kan tí kò tóbi ju ṣóńṣó ìka lọ. Mo ti tẹ irú ojú kan bẹ́ẹ̀ rí lára ẹsẹ̀ ara mi, lórí eegun gígùn kejì. Mo gbé àtàǹpàkò síwájú díẹ̀, kò dùn. Mo fà á sẹ́yìn, kò dùn. Ṣùgbọ́n ní agbedeméjì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kúrò lórí àga. Orí ẹsẹ̀ náà kò wú tó ohun tí ẹlòmíràn lè rí, àmọ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó máa ń yọ lábẹ́ awọ ẹsẹ̀ kejì kò hàn lára èyí mọ́. Ẹ máa wo irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún bi ara yín nípa àkókò. Ṣé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló le jù, tó sì ń rọ̀ bí ẹ bá ti rìn díẹ̀? Iṣan ni a máa kọ́kọ́ fura sí. Ṣé ó ń bẹ̀rẹ̀ nínú eré, tó ń le sí i títí ẹ ó fi dúró, tó sì ń tètè bẹ̀rẹ̀ sí i lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé ní kìlómítà 6 ló ti ń mú yín tẹ́lẹ̀, kó tó di 4, kó tó di 2? Ìwà eegun nìyẹn. Ṣé ó ń dùn lóru nígbà tí ẹ kò gbé ẹrù kankan lé e? Ẹ má ṣe fi ìyẹn falẹ̀.

Ohun tí ojú ibi tó ń dùn lè máa sọ

Bó bá jẹ́ abẹ́ gìgísẹ̀, ní apá inú, tó sì le jù nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan pẹlẹbẹ líle tí àwọn dókítà ń pè ní plantar fascia, èyí tó ti abẹ́ gìgísẹ̀ nà dé ìdí àwọn ọmọ ìka tó sì ń gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún gìgísẹ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí fífún yìí bá dùn yín gan-an, ó lè jẹ́ pé eegun gìgísẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ti sán, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá.

Orí ẹsẹ̀ níwájú, lórí eegun gígùn kejì, ìkẹta tàbí ìkẹrin, ni eegun ti sábà máa ń sán fún àwọn sárésáré. Bó bá jẹ́ pé òkè díẹ̀ ni, ní àárín orí ẹsẹ̀ nítòsí ọrùn ẹsẹ̀, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Eegun kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní navicular, ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé àárín rẹ̀, ìrora rẹ̀ sì máa ń dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Àwọn tó bá fi í ṣeré máa ń pẹ́ nílé ju àwọn yòókù lọ. Ìdí eegun karùn-ún, ní ẹ̀gbẹ́ òde ẹsẹ̀, náà kì í tètè jinná.

Ìrora orí ẹsẹ̀ mìíràn wà tí kò le tó báyìí: èyí tó ń tẹ̀ lé ibi tí okùn bàtà gbà kọjá, tó sì máa ń dùn bí ẹ bá ká ọmọ ìka sókè. Iṣan tí okùn tó le jù ń fún mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tí iná ń jó láàárín ọmọ ìka kẹta àti ìkẹrin, tó dà bíi pé òkúta kékeré wà nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, tí ìtura sì ń dé bó bá ti bọ́ bàtà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣan ìmọ̀lára ibẹ̀ ni nǹkan ń tẹ̀. Abẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ní eegun wẹ́wẹ́ méjì tó dà bí ẹ̀wà, àwọn náà lè sán. Ẹ̀yìn gìgísẹ̀ sì jẹ́ ti iṣan Achilles, ìyẹn iṣan líle tó ti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ wọ inú eegun gìgísẹ̀, tó máa ń gan láàárọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí dókítà rí i

Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà bí ẹ kò bá lè rin ìgbésẹ̀ 4, bí ẹsẹ̀ bá yí ìrísí padà, bó bá pọ́n tó ń gbóná tí ibà sì ń bá a rìn, bí ọmọ ìka bá kú tipiri tí kò mọ nǹkan mọ́, tàbí bí ẹ bá gbọ́ ìró "pà" tí ìrora ńlá sì tẹ̀ lé e. Ẹ lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí ẹ bá rí ojú kan lórí eegun gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣàpèjúwe rẹ̀, bó bá ń dùn lóru, tàbí bí ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2 kò bá yí nǹkan kan padà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ 2 náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá débẹ̀: X-ray sábà máa ń dá yín láre ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 àkọ́kọ́, nígbà tí eegun ti sán tí kò sì tíì fi àmì jinjinná hàn. Fọ́tò tó mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní kò túmọ̀ sí pé ẹ lè sáré. Bí ojú kan náà bá ṣì ń dùn, ẹ béèrè bóyá kí wọ́n tún un yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 tàbí kí wọ́n ṣe MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi mágínẹ́ẹ̀tì yà, tó máa ń tètè rí i. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ eré yín sí dání lọ. Yóò gba dókítà ní ìbéèrè púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìtọ́jú tó bá ibi tó ń dùn mu

Bó bá jẹ́ iṣan abẹ́ gìgísẹ̀, kì í ṣe dandan kí ẹ jókòó láìṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò sùúrù, torí pé oṣù 3 kì í ṣe nǹkan tó pọ̀ jù fún un, ti àwọn mìíràn sì máa ń tó ọdún kan. Kí ẹsẹ̀ yín tó kanlẹ̀ láàárọ̀, ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà kọ́ orúnkún kejì, kí ẹ fi ọwọ́ fa àwọn ọmọ ìka padà sí ọ̀nà ojúgun títí iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ yóò fi le bí okùn tí a fà. Ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì kan iṣan náà kí ẹ lè mọ̀ pé ó le lóòótọ́. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ sì ṣe é ní ìgbà 10. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó pẹ́.

Èyí tó tún ń fún iṣan náà lágbára ni gígùn sókè lórí ọmọ ìka. Ẹ ká táwẹ́lì, ẹ fi sí etí àtẹ̀gùn, kí ẹ gbé àwọn ọmọ ìka lé e kí wọ́n lè tẹ̀ sókè, kí gìgísẹ̀ sì wà ní òfuurufú. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 3 gòkè, ẹ dúró fún 2, ẹ fi 3 sọ̀kalẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà 12, ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe títí 12 náà yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọjọ́ kan kí ẹ ṣe é, ọjọ́ kejì kí ẹ sinmi. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá le jù, ẹ fi méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ gbé àpò tó ní ìwé nínú kọ́ ẹ̀yìn kó lè wúwo sí i, kí ẹ sì dín iye rẹ̀ kù sí 10, lẹ́yìn náà sí 8. Ó lè dùn díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, ìyẹn kò burú, bí kò bá ti mú kí àárọ̀ ọjọ́ kejì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ má ṣe rìn láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ líle nínú ilé. Ní ti abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, tí àwọn kan máa ń sáré lọ gbà, ó lè mú kó rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú kí iṣan náà já, ó sì lè mú kí ọ̀rá tó tẹ́ abẹ́ gìgísẹ̀ fún wa tín-ín-rín. Èmi kò ní fi ṣe ohun àkọ́kọ́.

Bó bá jẹ́ eegun, ọ̀rọ̀ náà kúrú: kò sí eré. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni eegun gígùn orí ẹsẹ̀ sábà máa ń gbà, nínú bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le tí kò ká, tàbí nínú bàtà ìtọ́jú tí dókítà bá fún yín. Ti navicular ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sábà máa ń ní kí aláìsàn má tilẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, kó máa fi ọ̀pá rìn. Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, omi wíwẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ gígùn tí kò dá ìrora sílẹ̀ kò ní jẹ́ kí èémí yín padà sẹ́yìn jù.

Ti okùn bàtà ló rọrùn jù: ẹ tú u, kí ẹ fo ihò tó wà lójú ibi tó ń dùn, kí okùn má gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ti àárín ọmọ ìka ń fẹ́ bàtà tó fẹ̀ níwájú. Ti iṣan Achilles ń fẹ́ gígùn sókè bíi ti òkè yìí láìsí táwẹ́lì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú ibi tí iṣan ti wọ inú eegun gìgísẹ̀ gan-an ló ń dùn, ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ má jẹ́ kí gìgísẹ̀ rì kọjá etí àtẹ̀gùn.

Ọ̀rọ̀ bàtà

Bàtà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, àmọ́ àfikún tó yá jù ló sábà máa ń jẹ̀bi. Síbẹ̀, bàtà tó ti sá kìlómítà 500 sí 800 sábà máa ń ti rẹ̀. Ẹ gbé e lé orí tábìlì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bó bá ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi í sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ti dán bàtà tuntun wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wú nínú eré gígùn, kí àlàfo tó tó ìbú àtàǹpàkò sì wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Bàtà pẹlẹbẹ tí kò ní tìmùtìmù ń gbé ẹrù lọ sórí àwọn eegun iwájú ẹsẹ̀ àti iṣan Achilles. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ sí irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi oṣù mélòó kan ṣe é, kò sì gbọdọ̀ ṣe é ní oṣù kan náà tó ń fi kún eré.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ẹ ṣe máa padà

Ẹ má ṣe fi ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà pinnu rẹ̀. Ẹ ó padà nígbà tí ẹ bá lè yára rìn fún ìṣẹ́jú 30 láìsí ìrora, tí títẹ̀ ojú ibẹ̀ kò dùn mọ́, tí ẹ sì lè gùn sókè ní ìgbà 20 lórí ẹsẹ̀ kan náà kí ẹ sì fò díẹ̀ lórí rẹ̀ láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí eegun rẹ̀ sán gbọ́dọ̀ gba àṣẹ dókítà kún èyí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ sáré fún ìṣẹ́jú 1, ẹ rìn fún 2, ní ìgbà 8 sí 10, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ sinmi lọ́jọ́ kejì. Bí ọjọ́ kẹta bá dé tí kò sí nǹkan, ẹ sáré fún 2, ẹ rìn fún 2. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe máa fi kún ti eré tí ẹ ó sì máa yọ kúrò nínú ti ìrìn, títí ẹ ó fi lè sáré fún ìṣẹ́jú 20 láìdúró. Ìdajì ohun tí ẹ ń sá kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fojú sùn, kì í ṣe ibi tí ẹ fi í sílẹ̀ sí.

Ẹ fi ìrora wọn ara rẹ̀ láti 0 dé 10, kí 0 jẹ́ pé kò dùn rárá. Fún ọ̀ràn iṣan, ohun tí kò ju 3 lọ nínú eré, tó sì ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò ní kí ẹ dúró. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà sí ìpele tó ṣáájú. Fún ọ̀ràn eegun, kò sí 3 níbẹ̀. 0 nìkan ni a gbà. Ẹ tún gbìyànjú láti ké ìgbésẹ̀ yín kúrú, kí iye ìgbésẹ̀ yín ní ìṣẹ́jú kan fi nǹkan bí 5 nínú 100 pọ̀ sí i láìyára ju ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé ìgbésẹ̀ kúkúrú ń dín agbára ìbalẹ̀ kọ̀ọ̀kan kù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹ ṣe máa fi kún un lẹ́ẹ̀kejì

Ọ̀pọ̀ ti gbọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ju ìdá 10 nínú 100 kún eré ọ̀sẹ̀ kan. Ìmọ̀ràn náà kò burú, àmọ́ kì í ṣe odi ààbò. Ìwádìí kan tó jáde ní 2008, tí wọ́n ṣe ní Groningen ní ilẹ̀ Netherlands, fi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré tí wọ́n ń tẹ̀ lé ètò ìdá 10 wé àwọn tó ń tẹ̀ lé ètò tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, iye àwọn tó fara pa níhà méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Òmíràn tó jáde ní 2025, tó tẹ̀ lé sárésáré tó lé ní 5,000, tọ́ka sí ibòmíràn: eré ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fi ju ìdá 10 gùn ju eré tó gùn jù lọ tí ẹ ti sá ní 30 ọjọ́ sẹ́yìn ló ń bá ìpalára rìn. Nítorí náà, kí ẹ tó jáde fún eré gígùn, ẹ wo inú ìwé yín. Bó bá jẹ́ kìlómítà 8 lẹ gùn dé jù ní oṣù náà, ẹ má kọjá 8 àti díẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí ara yín le tó. Bí ẹ bá fi kún gígùn, ẹ má fi kún iyàrá tàbí òkè ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ẹ sì dín gbogbo rẹ̀ kù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kí eegun lè rí àyè kọ́ ara rẹ̀.

Eegun tí kò jẹun kò lè kọ́ nǹkan kan. Ẹni tó fi kún eré tó sì ń dín oúnjẹ kù nítorí kó lè fọn ń fi eegun rẹ̀ sínú ewu, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì dáwọ́ dúró tàbí tí kò ṣe déédéé mọ́ lẹ́yìn tó fi kún eré gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí pé ara ń kéde pé oúnjẹ kò tó iṣẹ́. Bí eegun bá sán fún yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní kí wọ́n yẹ vitamin D yín wò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà sẹ́nu eré, ẹ fi àmì sí ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn àfikún kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ sá eré tó gùn jù, ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ tún fi àtàǹpàkò tọ àwọn eegun 5 náà lọ́kọ̀ọ̀kan.